Alájì Fàsásì àti Gáskẹ́ẹ̀tì Keje

Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun gbé Ìkòsì lọ́dún náà, tí kò sì mọ Alájì Àmúsà Fàsásì, ẹ má bá a jiyàn. Ó lè jẹ́ pé ńṣe ló kàn ń wá sùn níbẹ̀. Láti Kétu dé Mile 12, kò sí òpó iná tí Alájì kò ti rẹ́rìn-ín sí aráyé láti orí bébà, eyín mẹ́jọ lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀. Bí òjò bá wẹ èyí lọ, wọn yóò lẹ òmíràn. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò pàápàá mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí àwọn ló ń jẹ bébà náà.

Ìjọba ló fi Alájì ṣe Adelé Olùdarí Àgbà ilé-iṣẹ́ tòmátì alágolo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ọjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kàwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kó má bàa sá lọ: Adelé. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ ó ń yún Alájì lára bí wèrèpè. Bí òṣìṣẹ́ bá ní, "Adelé Olùdarí, ẹ káàárọ̀ sà," etí Alájì á di lójijì. Bí ó bá ní, "Olùdarí Àgbà, ẹ káàárọ̀ sà," etí náà á là, wọn á sì gbé tíì fún olúwarẹ̀.

Kọmíṣánnà obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà ti là á mọ́lẹ̀ fún un nínú ọ́fíìsì rẹ̀. "Alájì, ọjọ́ tí agolo tòmátì àkọ́kọ́ bá jáde níṣojú mi, ọjọ́ yẹn ni mo máa yọ Adelé kúrò lára yín. Tí kò bá jáde, màá wá ẹlòmíì." Láti ọjọ́ náà ni Alájì kò ti lá àlá mìíràn mọ́. Nínú àlá rẹ̀, wọ́n á gbé abẹ́ wá, wọ́n á gé Adelé kúrò lára rẹ̀ bí ẹni gé èékánná, kò ní dùn ún rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe máa ń rí láàárọ̀. Ní aago mẹ́sàn-án, àwọn òṣìṣẹ́ á tò sẹ́nu géètì gẹ́gẹ́ bí gíga wọn. Rótìmí, tí í ṣe ọ̀gá púrótókọ̀ọ̀, á ṣílẹ̀kùn mọ́tò, á sì fi ohùn òkè kéde ojú ọjọ́: "Ẹ wo oòrùn! Ẹ wo bó ṣe rọra ń ràn nítorí Dádì!" Bí òjò bá ń rọ̀, a jẹ́ pé sánmà ń sunkún ayọ̀ nítorí Dádì. Bí Alájì bá sín, wọn á pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan tó sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn méjì dìde dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ka oyè rẹ̀: Alájì Dókítà Olóyè Àmúsà Akànní Fàsásì, Olùdarí Àgbà, Bàbá Ìsàlẹ̀ Àwọn Alátagígún ní Kòsọ́fẹ́, Ògbóǹtarìgì Agbé-Ìdàgbàsókè-Lárugẹ. Dókítà yẹn, inú òtẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n ti fún un, láàárín wákàtí mẹ́ta, ìrẹsì àti adìẹ sì wà nínú rẹ̀.

Báyìí ni nǹkan ń lọ nígbà tí àpótí onípákó kan dé láti òkè òkun.

Ẹni tó tú àpótí náà ni Sìlífátù, ọ̀gá fítà, ọmọ bíbí Ṣàngíṣà, obìnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún de páìpù tí kò sì fi ìṣẹ́jú kan yin ẹnikẹ́ni. Aunty Sìlí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó fa koríko inú àpótí náà jáde, ó sì to òrùka irin pẹlẹbẹ méje sórí tábìlì. Wọ́n ń dán bí eyín ọmọdé. Wọ́n fín ìlà wẹ́wẹ́ yípo ojú wọn bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́. Méjèèje kò dọ́gba. Èyí tó kéré jù tó àwo ife tíì, èyí tó tóbi jù tó àwo tí àgbàlagbà tí ebi ń pa fi ń jẹun.

Alájì wọlé bá wọn níbẹ̀, ó dúró gbọnin.

"Kí lèyí, Madam?"

"Gáskẹ́ẹ̀tì ni, sà. Onírin."

"Níbo lẹ fẹ́ lò ó sí?"

"Àárín páìpù, sà. Ibi tí páìpù bá ti fẹnu ko páìpù, a máa ki í sáàárín, a máa wá fi bóòtù fún un pinpin. Òun ni kì í jẹ́ kí tòmátì jò."

"Tẹ́ ẹ bá wá fún un tán, ta ló máa rí i?"

"Kò sẹ́ni tó máa rí i, sà."

Alájì fi ọwọ́ kan àyà. "Kò sẹ́ni? Nǹkan tó ń dán báyìí, tó wọkọ̀ ojú omi wá, ẹ fẹ́ lọ fi pamọ́ bí ìyàwó tí wọn ò tíì san owó orí ẹ̀?"

"Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó má hàn, sà," ni Sìlífátù wí. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí gáskẹ́ẹ̀tì, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí kò wọ Alájì létí, nítorí Alájì kì í lóye bí nǹkan ṣe lè níyì tí kò sì hàn. Ó gbé òrùka tó tóbi jù, ó gbé e sí ọ̀gangan àyà, ó sì wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé. Rótìmí tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ mí kanlẹ̀.

"Dádì," ló wí, "ó jọ mẹ́dàlì."

Ìyọnu bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ta kánópì méjì síwájú ilé-iṣẹ́, wọ́n sì pe èèyàn igba síbi Àmì Ẹ̀yẹ Ńlá ti Òrùka Fàdákà. Ní ìlú wa, ẹ mọ̀ pé bí a bá ń pín àmì ẹ̀yẹ, ẹni tí kò rí gbà máa ń rò pé òun ti kú. Wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé kọ́ gáskẹ́ẹ̀tì mẹ́fà sí ọrùn àwọn ènìyàn pàtàkì mẹ́fà. Ọ̀kan kan Ọ̀gbẹ́ni Ládé, alága àwọn onílé ní Ìṣẹri Olówóòrà. Ọ̀kan kan Mummy Ìlérí, tó ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ifákọ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé orúkọ wọn kò gbọdọ̀ wọ inú ìtàn yẹpẹrẹ bí èyí.

Alájì sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Kí ni òrùka? Òrùka kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní òpin!" Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti má ṣe ní òpin. Nígbà tó fi máa jókòó, yìnyín inú kúlà ti di omi, omi náà sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Rótìmí wá gba máíkì lójijì, ó ní ìyàlẹ́nu kan kù. Òrùka keje ni, ti Dádì fúnra wọn! Ẹnu ya Alájì, ó fọwọ́ bojú, ó mi orí. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ló ti fúnra rẹ̀ ṣètò ìyàlẹ́nu náà.

Ti Alájì yàtọ̀, wọ́n ti kọ orúkọ sí i. Bámi ní Kétu, tó máa ń fín orúkọ sára ife ẹ̀yẹ, ló ṣe é. Ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ kọ ọ́ ní lẹ́tà gbàǹgbà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn láti etí inú òrùka dé etí ìta. Nígbà tó kọ ọ́ yípo tó dé "Olùdarí Àgbà", àyè tán. Ó fóònù Alájì: "Dádì, ojú ẹ̀ ti kún." Alájì ní, "Ṣé òrùka náà ò lẹ́yìn ni?" Bámi bá dà á dé, ó kọ ìyókù sẹ́yìn. Orí "Lárugẹ" ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà kú sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹ́fà yòókù fi gba tiwọn láìsí orúkọ. Kò sí abẹ́rẹ́ mọ́.

Adelé ńkọ́? Bámi béèrè. Wọ́n ní kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Sìlífátù kọ mẹ́mò ìlà méjì: *Oríkèé páìpù méje ló ṣí sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gba gáskẹ́ẹ̀tì padà lọ́rùn àwọn èèyàn.* Alájì kà á, ó sì fi ọwọ́ pàtàkì mú un. Ó gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí bóyá gáskẹ́ẹ̀tì pọn dandan, ó fi Rótìmí ṣe alága. Ìgbìmọ̀ náà jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n sì gbé àbọ̀ wá pé nǹkan tí ojú kò lè rí, ẹnikẹ́ni kò lè jẹ́rìí sí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n dámọ̀ràn páálí súgà dípò rẹ̀.

"Páálí?" ni Sìlífátù bi wọ́n.

"Èyí tó nípọn," ni Rótìmí dáhùn.

Wọ́n gé páálí súgà ní òrùka méje, wọ́n fi bóòtù fún wọn, wọ́n ní kí omi lásán kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá ká fi dán an wò. Rótìmí dúró nídìí oríkèé kẹta, ó na ìka sí i pé, "Ẹ wò ó, ó ń gbé—" Páálí ti di ògì. Omi náà bá alága ìgbìmọ̀ lójú, ó wọ̀ ọ́ létí, ó sì ṣí bàtà rẹ̀ kan kúrò lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń nu ara fún un ni fóònù Alájì dún. Kọmíṣánnà ni. Ọjọ́bọ̀ lòun ń bọ̀, òun á bá tòmátì pàdé.

Alájì wo oríkèé méje tí ń sunkún, ó sì rí Adelé tí ń rẹ́rìn-ín sí i láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Madam," ló wí, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, "ẹ wọ mọ́tò. Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ àwọn èèyàn."

Ilé Ọ̀gbẹ́ni Ládé ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ọ̀gbẹ́ni Ládé kò sí nílé, ìyàwó rẹ̀ ló wà ní kíṣíìnì.

"Àmì ẹ̀yẹ? Àbí irin yẹn? Ó dáa gan-an o, Alájì, ẹ ṣeun. Kì í jẹ́ kí ìkòkò jó tábìlì."

"Ẹ̀ẹ̀… níbo ló wà báyìí, Mummy?"

"Ọbẹ̀ ilá wà lórí ẹ̀. Ẹ jókòó kó tutù díẹ̀."

Wọ́n jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú. Alájì ń wo ìkòkò, ìkòkò náà ń wo Alájì. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, Sìlífátù fi aṣọ nu ilá nù, ó fi èékánná ha ojú òrùka náà yípo. "Ó ṣì mọ́. Kò sí ìlà tó gbà á láti inú dé ìta," ló wí, ó jọ pé inú rẹ̀ dùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Mummy Ìlérí ní Ifákọ̀ le jù bẹ́ẹ̀. Ó ti kan tirẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀, láàárín fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ àti aago.

"Alájì, ẹ fún mi níwájú èèyàn igba. Ẹ wá fẹ́ gbà á ní kọ̀rọ̀? Kí ni mo jí? Kí ni màá sọ fáwọn òbí ọmọ iléèwé mi?"

"Mummy Ìlérí, fún ìlọsíwájú orílẹ̀-èdè—"

"Orílẹ̀-èdè ò kan ti pálọ̀ mi o. Tẹ́ ẹ bá máa gbà á, ẹ ka oyè mi bẹ́ ẹ ṣe kà á níjọ́sí, kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Mi ò ní jẹ́ kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́."

Alájì Fàsásì, tí wọ́n máa ń ka oyè fún, wá dúró ní bákónì òkè ilé Mummy Ìlérí ní ọ̀sán gangan, ó ń ké oyè ẹlòmíràn sójú títì. Ó ká a lára. Nígbà tó kà á tán, onírèké kan pàtẹ́wọ́, ó sì ní kó tún un kà nítorí òun ò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe rí mẹ́fà gbà padà. Ó wá ku ti Alájì fúnra rẹ̀, èyí tó wà ní àpò fẹ́lífẹ́ẹ̀tì nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Òun ni ti oríkèé keje, níbi tí gbogbo tòmátì gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó bọ́ sínú agolo.

Sìlífátù gbé e síwájú iná. Ó fi èékánná ha á: ka, ka, ka, ka.

"Alájì, wọ́n ti kọ nǹkan sí i."

"Nǹkan kẹ̀? Orúkọ mi nìyẹn."

"Orúkọ yín gùn láti inú dé ìta, sà. Ojúlé ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún tòmátì. Àmọ́ kò tíì burú. George wà ní Kétu, ó ní ẹ̀rọ léètì. Á fá ojú ẹ̀ fẹ́rẹ́, iwájú àtẹ̀yìn. Wákàtí kan. Á mọ́ bíi tàtijọ́."

"Á fá kí ni?"

"Lẹ́tà yẹn, sà."

Alájì gba òrùka náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọkùnrin náà ronú lóòótọ́, bó ṣe mọ. Ó rántí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòsì, tí tíṣà máa ń ka orúkọ láàárọ̀, tó sì máa ń fo tirẹ̀ lójoojúmọ́, tí Àmúsà kékeré á máa na ọwọ́ títí apá á fi ro ó. Bébà rẹ̀ lórí òpó iná, òjò ń wẹ̀ ẹ́, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Irin nìkan ni kò sí ewúrẹ́ tó lè jẹ. Ká fá a? Ní apá kan, Adelé dúró, ó ń yún un. Ní apá kejì, orúkọ rẹ̀ ń dán. Wákàtí kan péré lọ́dọ̀ George ló là wọ́n láàárín.

"Ẹ fún un bẹ́ẹ̀," ló wí.

"Alájì…"

"Ẹ fún un le! Kò sí tòmátì tí wọ́n gbìn sílẹ̀ tó máa gba orí orúkọ Fàsásì kọjá."

Sìlífátù fa bébà yọ nínú àpò. "Ẹ bá mi sáìnì ẹ, sà, pé mo ti sọ."

Alájì sáìnì pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀. Bébà kan kò gbà á. Ó parí rẹ̀ sórí èkejì.

Ọjọ́bọ̀ dé. Sìlífátù ti ta okùn jìnnà sí oríkèé keje, ó ti to àga sẹ́yìn okùn náà, ó sì ti ní kí wọ́n má jẹ́ kí tòmátì ọjọ́ náà gbóná ju omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ jòjòló. Ó mú Kọmíṣánnà jókòó. "Ibí ni kẹ́ ẹ wà, ma. Ẹ má sún síwájú." Kọmíṣánnà wò ó lójú, kò sì sún síwájú. Alájì ní tirẹ̀ wọ agbádá funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ títí tó fi lè dá dúró láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Ó gbé àga tirẹ̀ kọjá okùn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé keje gan-an, kí kámẹ́rà lè rí òun àti páìpù pa pọ̀.

Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó fi ara rẹ̀ wé afárá, ó fi ara rẹ̀ wé ìràwọ̀, ó sì ń fi ara rẹ̀ wé òjò nígbà tí Kọmíṣánnà wo aago. Wọ́n tan ẹ̀rọ.

Oríkèé kìíní dákẹ́. Ìkejì dákẹ́. Ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, gbogbo wọn dákẹ́ bí àgbà tó mọ̀wà hù. Oríkèé keje ní, "Fíííì."

Lẹ́yìn náà ni tòmátì bẹ̀rẹ̀ sí jáde, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pupa fòò, bí òwú ìránṣọ. Ibi tí Bámi ti fín lẹ́tà dáadáa, ó ń tú jáde dáadáa. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n, ó ń kán tó, tó. Lẹ́tà "Alájì" gba tẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bá a, Dókítà gbá a léjìká, Olóyè wọ̀ ọ́ lápò. Nígbà tó yí ẹ̀yìn padà láti sá, Bàbá Ìsàlẹ̀ Àwọn Alátagígún bá a lẹ́yìn. Agbádá tó ń dá dúró rọ̀ jọwọlọ.

Rótìmí, tó rò pé ètò ni, fò dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó! Tòmátì mọ Dádì! Ó ń kí wọn!"

Sìlífátù rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ti ẹ̀rọ pa.

"Ọ̀tá ni!" Alájì ń nu ojú, ó ń pariwo. "Àwọn ọ̀tá ìdàgbàsókè! Kọmíṣánnà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ tú u, kẹ́ ẹ wádìí! Ẹni tó ba páìpù yìí jẹ́, kí wọ́n pe orúkọ ẹ̀ síta lónìí, níwájú oníròyìn, pẹ̀lú gbogbo oyè tó bá ní!"

"Ẹ bá wa tú u," ni Kọmíṣánnà sọ fún Sìlífátù.

Bóòtù mẹ́jọ bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní bóòtù kẹrin, Alájì rántí. Ẹ ò bá rí ojú rẹ̀. Ó ní ìwádìí náà lè dúró dọ̀la, àmọ́ bóòtù karùn-ún ti bọ́. Sìlífátù fa òrùka náà yọ, ó fi aṣọ nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Tòmátì kò kúrò nínú lẹ́tà. Ó dúró síbẹ̀, ó pupa, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò ríran dáadáa pàápàá á lè kà á.

Kọmíṣánnà gbé awò sójú. "Alájì… Dókítà… Olóyè… Àmúsà… Akànní… Fàsásì… Olùdarí Àgbà." Ó gbé ojú sókè.

"Ó kù lẹ́yìn, ma," ni Sìlífátù wí.

Kọmíṣánnà dà á dé, ó kà á tán, títí dé Lárugẹ. Máíkì wà nítòsí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú ìjọba máa ka gbogbo rẹ̀ láìfo ọ̀kan. Rótìmí, tí àtẹ́wọ́ ti mọ́ lára, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, pàá, ó sì fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn.

"Alájì," ni Kọmíṣánnà wí pẹ̀lẹ́, "mi ò rí Adelé níbí o."

Lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì Kọmíṣánnà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n yọ Adelé kúrò bí wọ́n ṣe ṣèlérí, kò sì dùn ún, bí ẹni gé èékánná. Olùdarí Àgbà tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yọ mọ́ ọn, ìyẹn ló dùn ún.

George fá òrùka náà, wákàtí kan kò pé. Sìlífátù fún un sí oríkèé keje, agolo sì ń jáde láàárọ̀ lálẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkùnrin kan tó wọ búbá pẹ́ńpẹ́, tí fìlà rẹ̀ bo ojú, dúró ní géètì, ó ní òun wá gba ẹrù òun kan tó ṣẹ́kù.

"Òrùka yẹn ti wà nínú páìpù, sà," ni Sìlífátù wí. "Ẹ ò lè rí i mọ́. Àmọ́ George bá yín tọ́jú èyí." Ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde. Ẹ̀rún irin tí wọ́n fá kúrò lójú òrùka wà nínú rẹ̀, tó ń dán, kò kún ẹ̀kúnwọ́. "Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. A ò yọ nǹkan kan."

Alájì gbà á. Ó gbọ̀n ọ́n létí. Ó ṣí i, ó fi ìka kan ro ẹ̀rún náà láti ọ̀tún sósì, ó sì sún mọ́ Sìlífátù, ó rọ ohùn sílẹ̀ kí máigáàdì má bàa gbọ́.

"Èwo ni Dókítà níbẹ̀?"